Akéde Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Mi

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú àárọ̀ tàbí ẹ kú alẹ́, èyíkéyìí tí ìwé yìí bá bá yín. Mo mọ̀ pé inú kẹ́míìsì lẹ ti máa kà á, pẹ̀lú jígí ojú yín tí apá rẹ̀ kan ti kán, oníbàárà á sì dúró níwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ẹni tó wá ra oògùn ẹ̀fọ́rí gbọ́dọ̀ bá yín gbọ́.

Nígbà tí mo kọ̀wé lọ́dún tó kọjá pé gíláàsì gún mi lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́, irọ́ ni mo pa. Kò sí gíláàsì kankan tó gún mi. Àmì dúdú kan ló yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo rò pé bàtà iṣẹ́ ló ń ha mí. Ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n rán ẹsẹ̀ náà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo wá fọwọ́ kan kókó líle kan níbi tí itan mi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán gbogbo inú ara mi, wọ́n tún rí kókó kékeré kan lára ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ má dìde. Ẹ jókòó, mo ṣì ń bọ̀.

Ilé ìwòsàn yìí ń dán ìtọ́jú tuntun kan wò, wọ́n sì ti gbà mí mọ́ àwọn tí wọ́n máa fi dán an wò. Wọ́n ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn tó jẹ́ ọmọ ogun. Sẹ́ẹ̀lì T ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ló yẹ kó pa jẹjẹrẹ yìí, ṣùgbọ́n wọn ò dá a mọ̀. Ó ń kọjá lójú wọn, wọ́n sì rò pé ará ilé ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tún wà tí iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa rìn kiri inú ara, kí wọ́n mú àmì ohun tó bá jẹ́ àjèjì, kí wọ́n lọ fi han àwọn ọmọ ogun. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ìwọ̀nyí le lẹ́nu, akéde ni èmi ń pè wọ́n. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n á ṣa àwọn akéde inú rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á fi àbùdá tuntun sí wọn nínú, èyí tí á jẹ́ kí wọ́n máa gbé àmì jẹjẹrẹ náà kiri níta gbangba. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá wọn padà sí mi lára. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń pín fọ́tò olè fún àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò.

Àná ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n gbé mi jókòó sórí àga ńlá kan, abẹ́rẹ́ ní apá ọ̀tún, abẹ́rẹ́ ní apá òsì. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ibí jáde, ẹ̀rọ ń ṣà á, ó ń gba ọ̀hún wọlé. Mi ò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kankan. Bí mo ṣe jókòó ni imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, bó ṣe máa ń rí. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ mí rí ló bá mi yún un.

Ẹ má pè mí lórí fóònù o. Bí mo bá gbọ́ ẹkún yín, mi ò ní lè dúró nídìí tábìlì tí mo ti ń gé gíláàsì mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn nìkan ló ń jẹ́ kí n gbàgbé ara mi. Ẹ kọ̀wé. Ọkàn mi kò balẹ̀, Màámi, mi ò ní purọ́ lórí èyí.

Ọmọ yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ogúnjọ́ oṣù kejì

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ, mo kí itan rẹ, mo kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ. Bá mi kí nọ́ọ̀sì tó bá ọ yún imú. Bó bá jẹ́ ọmọge tí kò tíì lọ́kọ, kí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ní báyìí tí mo ti kí ọ tán, ìwọ òpùrọ́ yìí, gbọ́ mi. Odindi ọdún kan ni mo fi ń bá gíláàsì jà nínú àdúrà. Mo ń ṣépè fún gíláàsì láàárọ̀, mo ń ṣépè fún un lálẹ́, gíláàsì tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ta ni mo ń gbàdúrà fún nígbà náà? Ìyá tí kò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí aládùúgbò? Ó dùn mí. Mo sunkún nínú ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́jú, mo jáde wá ta oògùn ikọ́.

Ọ̀rọ̀ àbùdá yẹn kò yé mi, èyí tó yé mi níbẹ̀ kò sì dùn mọ́ mi. Àbùdá ta ni wọ́n fẹ́ fi sí ọ lára? Imú bàbá rẹ ló wà lójú rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ̀rín rẹ sì jẹ́ tèmi. Ṣé wọn kò ní dá ẹlòmíràn padà fún mi? Tí o bá bímọ lọ́la ńkọ́? Bi wọ́n léèrè, kí o sì kọ ìdáhùn wọn sí mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n fọ́tò tí o fi sínú ìwé yẹn ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Eegun ọrùn rẹ yọ síta bí ìkọ́ aṣọ. Òótọ́ ni pé o tẹ́ẹ́rẹ́ láti kékeré, àdúgbò ló sì sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n ẹran wà lára títẹ́ẹ́rẹ́ ìgbà yẹn. Èyí kì í ṣe títẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, rírù ni.

Ọmọ oníbàárà mi kan ń padà sí ìlú tí o wà lókè òkun. Mo di nǹkan fún un kó bá mi gbé e wá fún ọ. Oògùn oúnjẹ ni. Mo ti ya oòrùn àti òṣùpá sára náílọ́ọ̀nù rẹ̀ bí mo ṣe ń yà á fún gbogbo èèyàn, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Kì í ṣe oògùn àìsàn, kí o má lọ máa rò ó. Ohun tó ń jẹ́ kí oúnjẹ máa wu èèyàn jẹ ni. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn gbé wá bá mi tí orí wọn tóbi ju ara lọ, òun ni mo fún wọn, wọ́n sì ń sáré kiri àdúgbò báyìí. Lò ó, kí o sì jẹun. Àwọn ọmọ ogun tí o ń sọ yẹn, ṣé ebi ni wọ́n fẹ́ fi jagun ni?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi. Ìwé yín dé, ẹrù yín náà dé. Ọmọbìnrin tó gbé e wá kò jókòó rárá. Ó ní ẹ ti kìlọ̀ fún òun pé bí òun bá fìdí kan àga, mo máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo bi dókítà léèrè bí ẹ ṣe ní kí n béèrè, títí dórí imú Bàámi. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dáhùn. Ó ní inú àwọn akéde tí wọ́n fà jáde yẹn nìkan ni àbùdá náà wọ̀, wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Wọ́n á jíṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun tán, wọ́n á kú. Ọmọ tí mo bá bí, imú Bàámi náà ló máa gbé wá, a fẹ́, a kọ̀.

Kí ẹrù yín tó dé ni wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ akéde àkọ́kọ́, ní itan òsì. Ibẹ̀ pọ́n, ó wú, ibà gbé mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo ti ń rò pé ó parí fún mi, àfi nọ́ọ̀sì tó ń yọ̀ ṣìnkìn. Ó ní ibà yẹn gan-an ni àwọn ń retí, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ti gbọ́ ìkéde. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi wò, lóòótọ́, àwọn tó dá jẹjẹrẹ mọ̀ ti ń pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ oògùn oúnjẹ yín ni wọ́n gún èkejì. Kò pọ́n, kò wú, kò sí ibà. Mo ní ara mi ti mọ́ ọn nìyẹn.

Oúnjẹ ọ̀hún wá ńkọ́, Màámi. Mo ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọ̀gá mi ti ń gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ kúrò lójú mi. Ẹsẹ̀ tó máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ kò wú mọ́, oríkèé mi kò ro mí mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù, mi ò lè jókòó sójú kan. Bí mo bá ń gé gíláàsì, ọwọ́ mi ń sáré ju ojú mi lọ. Mo fọ́ gíláàsì fèrèsé tí a ti wọ̀n tí a ti gé tán, mo sì bá ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jà nítorí àkísà ìnutábìlì. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dákẹ́. Oorun kò kùn mí. Màá dìde, màá nu tábìlì tí mo ti nù, màá ṣí fèrèsé, màá tún tì í.

Wọ́n béèrè ní ilé ìwòsàn bóyá mo ń lo oògùn mìíràn, mo ní rárá. Mo fi fọ́tò tuntun sínú ìwé yìí kí ẹ lè rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Oògùn náà ti fẹ́ tán, ẹ fi òmíràn ránṣẹ́.

Ọmọ yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ti ń sanra


Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu mi láti ìgbà tí fọ́tò rẹ ti dé. Mo fi han gbogbo ẹni tó wọlé, títí kan ọkùnrin tó wá béèrè ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ní kí n jẹ́ kí fọ́tò náà sinmi. Mo ní òun náà kò ì tíì bí ọmọ tó rù kó tó sanra, yóò yé e lọ́jọ́ kan.

Mo ti fi òmíràn ránṣẹ́ nípasẹ̀ pósítì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ti yára yọ jù. Mo gbé fọ́tò náà sábẹ́ iná, mo wò ó, mo tún gbé e sílẹ̀. Jẹ́ kó di ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Kò sí nǹkan kan, mo kàn ní kí o dín in kù ni. Àìsùn yẹn náà, bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Fi omi gbígbóná wẹ̀.

Kọ̀wé kíá. Má jẹ́ kí ó pẹ́ bí ti ìṣáájú.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ kú ilé. Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo pè yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ò gbé e. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí á má pe ara wa, ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà.

Abẹ́rẹ́ kẹta kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi wò, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti ń pọ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ sùn. Akéde ń kígbe, kò sí ẹni tó dìde. Ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, bẹ́ẹ̀ mi ò ní àtọ̀gbẹ rí. Dókítà ń wo ìwé, ó ń wo ojú mi, ó ń tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó tún béèrè ohun tí mo ń lò. Mo ní mi ò lo nǹkan kan. Màámi, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí oúnjẹ ni mo kà á sí. Ìgbà tí mo jáde sí ọ̀nà ibi tí a ti ń dúró, mo yọ náílọ́ọ̀nù yín jáde, mo ju ẹyọ kan sẹ́nu, nọ́ọ̀sì sì rí mi. Ó gba náílọ́ọ̀nù náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, oòrùn àti òṣùpá nìkan ló rí. Ó ní, "Kí ni orúkọ ohun tí o gbé mì yìí?" Mo ní màmá mi ló fi ránṣẹ́. Ó ní òun kò béèrè ẹni tó fi ránṣẹ́.

Wọ́n ní àwọn oògùn kan wà tó máa ń mú kéèyàn jẹun kó sì sanra, ṣùgbọ́n tó ń pa àwọn ọmọ ogun ara lẹ́nu mọ́. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni, a kò gbọdọ̀ dá lílò rẹ̀ dúró lójijì, ara mi lè dà wó. Bí kò bá sì jẹ́ òun ni, a jẹ́ pé ìtọ́jú náà ni kò bá mi mu, wọ́n á yọ mí kúrò. Hóró náà kò ní àmì kankan lára. Wọ́n ti fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó máa pẹ́. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú fírísà nínú èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe, wọn kò sì ní tún òmíràn ṣe. Wọn kò ní gún un fún mi títí wọ́n á fi mọ ohun tó wà lára mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ rẹ̀?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo rí ìwé rẹ. Mo dúpẹ́. Ó ti wá kù sí ọwọ́ mi, àbí?

Ẹni tó fi àbùdá tí kò mọ bàbá rẹ̀ sí ọ lára ni wọn ò bi léèrè, ìyá tó fi oògùn oúnjẹ ránṣẹ́ ni wọ́n ń bi. Nígbà tí èéyì gbé ọ ní kékeré, tí ojú rẹ dí, ta ló jókòó tì ọ́? Dókítà kankan ò sí níbẹ̀. Kẹ́míìsì yìí ló rán ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ níléèwé, mi ò sì gbé òkú kankan jáde níbẹ̀.

O ń béèrè orúkọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò kọ́ mi láti máa dárúkọ oògùn fún ẹni tó ń lò ó. A ń yọ ọ́ kúrò nínú páálí, a ń dà á sí náílọ́ọ̀nù, a ń ya àwòrán sí i, ó tán. Oníbàárà tó bá mọ orúkọ kò ní padà wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àwa tó ń ta oògùn ládùúgbò yìí ṣe ń ṣe é. Bí mo bá kọ orúkọ náà sínú ìwé, ìwé yẹn ni wọ́n máa nà sókè pé ẹ wá wo ẹni tó ba iṣẹ́ wa jẹ́. Mo ti pẹ́ láyé tó láti mọ bí àwọn aláṣọ funfun ṣe ń wá ẹni tí wọ́n máa ti ọ̀rọ̀ sí lọ́rùn.

Oògùn oúnjẹ ni. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Bí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, dà á nù.

Má dà á nù. Ṣì máa lo ẹyọ kan láàárọ̀.

Ìyá rẹ


Ọgbọ̀njọ́ oṣù karùn-ún

Màámi,

Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ka èyí fún yín lójú fóònù rẹ̀, torí pósítì kò yára tó àìsàn yìí. Ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀ọ́, kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Má bù ú kù, má fi ẹnu dídùn bò ó.

Mi ò bínú sí yín. Kò sí ẹni tó ń wá ẹjọ́. Èsì ibi tí wọ́n ti ń yẹ hóró náà wò kò tíì dé. Kókó tó wà ní itan mi ti tóbi débi pé mo ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Ọ̀gá mi ti gbé mi kúrò nídìí tábìlì gíláàsì, ó ní kí n máa dáhùn fóònù, torí ó rí bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n. Lánàá, dókítà ní bí oṣù tó ń bọ̀ bá bá wa láìmọ̀, wọ́n máa yọ mí.

Ẹ ka ìwé yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní kí n dà á nù, ẹ tún ní kí n má dà á nù. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù kò ní kọ irú ìwé yẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì mọ ìdí tí kò fi ṣeé dá dúró lójijì.

Ẹ ní ẹ kì í dárúkọ oògùn fún oníbàárà. Màámi, èmi kì í ṣe oníbàárà yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún

Dẹ́kísà ni. Dẹ́kísà ni orúkọ rẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ kéré, tí wọ́n fi ń wo ẹni tí èémí kò délẹ̀ fún àti ẹni tí ara ń wú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ya fọ́tò páálí rẹ̀, mo ní kó fi ránṣẹ́ sí ọ nísinsìnyí kí n tó kọ ìyókù. Fi han dókítà kó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Má dá a dúró lójijì. Kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ara rẹ bá ń rọ̀ tàbí bí èébì bá ń gbé ọ, pariwo, má ṣe ọkùnrin sí i.

Mo ti mọ̀ láti orí fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Mo ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tí mo tà á fún tó pẹ́ lẹ́nu wọn. Mo sọ fún ara mi pé ìsanra ni, ó wù mí kó jẹ́ ìsanra. Lẹ́yìn náà ni ìwé rẹ dé, mo sì ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi pẹpẹ oògùn, láti pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà, oníbàárà ń pè mí, mi ò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá pè é lórúkọ, á jẹ́ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa àwọn ọmọ ogun rẹ lẹ́nu mọ́. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí mo fi bínú sí ọ, ìbẹ̀rù ni.

Mo ti kó èyí tó kù nílẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Ìyá ọmọ kan wá rà á lónìí, mo ní mi ò ní, ó bú mi lọ.

Kí ni dókítà sọ? Ṣé wọ́n máa gún abẹ́rẹ́ tó kù yẹn?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o wà láàyè, pé o kọ "mo wà" sí òun lórí fóònù. "Mo wà" kì í ṣe ìwé. Láti ìgbà tí o ti sọ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ń tì í. Mo ń bi ẹni tó ń pín ìwé léèrè bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè.

Mo mọ ohun tí o ń ṣe. O ń dúró kí ìròyìn rere dé kí o tó kọ̀wé, tàbí o ń wá ọ̀nà tí wàá fi sọ èyí tí kò dára kó lè dà bí gíláàsì. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́. Èmi náà pa nǹkan mọ́ fún ọ, o ti rí ibi tó gbé wa dé. Kọ ohun tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo máa jókòó kí n tó kà á.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ

Màámi,

Ẹ kú ìdúró, ẹ kú àìfarabalẹ̀. Mo jẹ̀bi. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ náà ni, mo ń dúró de ìròyìn rere.

Nígbà tí wọ́n ń dín dẹ́kísà kù, ó rẹ̀ mí débi pé mo ń sinmi láàárín àtẹ̀gùn. Ojú mi padà sí bó ṣe wà, ẹ ò ní fẹ́ràn fọ́tò rẹ̀. Nígbà tó kúrò lára mi pátápátá, dókítà gbà láti gún abẹ́rẹ́ tó kù. Ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ jà lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì imú ló sọ fún mi, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun dìde. Mo rí i lórí ẹ̀rọ wọn, ìlà tó ti dùbúlẹ̀ gbéra, ó gòkè. Kókó ibi itan mi ti súnkì, dókítà tẹ̀ ẹ́ lónìí, ó ní kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, ó ti rọ̀, ó ti kéré. Mo sunkún níbẹ̀. Mo ti padà sídìí tábìlì gíláàsì, ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́.

Ti ẹ̀dọ̀fóró kò kéré. Ó ti tóbi díẹ̀ ju ti oṣù kejì lọ. Wọ́n ní bóyá àwọn ọmọ ogun ṣì máa dé ibẹ̀, wọ́n ní bóyá wọn ò ní dé ibẹ̀. Wọ́n máa ya àwòrán mìíràn kí ọdún tó parí. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tó mọ̀.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ fi pamọ́. Mo ti kọ ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan láìfi sí i, mo fà á ya. Mo bi dókítà bóyá àwọn oṣù tí dẹ́kísà fi wà lára mi ló fi àyè gba ti ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tó máa ṣe náà ló ṣe. Mi ò mọ̀, n kò sì ní mọ̀ láéláé." Mo ní kí n sọ fún yín bó ṣe sọ ọ́, torí ẹ ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ọjọ́ kan mo máa rò pé màá darúgbó, ọjọ́ kejì mi ò lè ronú dé ọ̀la. Mo fẹ́ yín nítòsí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo jókòó kí n tó kà á. Mo kà á tán, mo tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

O ṣé tí o kò fi pa mọ́. Ó gún mi, á sì máa gún mi. Ohun tí dókítà sọ yẹn, èmi ni mo ni ín, èmi náà ni màá máa gbé e kiri, má bá mi gbé e. Tìẹ pọ̀ tó. Má fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú nígbà tí a bá rí ara wa, má sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Kò sí ẹni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kó wà.

Mo ti fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kọ orúkọ sára gbogbo náílọ́ọ̀nù báyìí, àwọn oníbàárà kan ti sá lọ, àwọn kan ń kà á lóhùn òkè bí ọmọ iléèwé. Ìwé ìrìnnà mi jáde lánàá. Ìwé tí dókítà rẹ kọ pé o nílò ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ rẹ ló jẹ́ kí wọ́n yára fún mi ní àṣẹ ìwọ̀lú. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe wo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n màá wò ó.

Mi ò ní gbé oògùn kankan wọ ilé rẹ, ì báà ṣe ti ẹ̀fọ́rí. Wọ́n lè tú gbogbo ẹrù mi wò. Oúnjẹ ni mo fẹ́ sè fún ọ. Ìwọ lo máa lọ ra gbogbo ohun tí a máa fi sè é, ìwọ lo máa já náílọ́ọ̀nù rẹ̀, màá sì máa pè é lórúkọ kí n tó jù ú síkòkò, ìbáà ṣe iyọ̀. Gbé àga rẹ sí ẹ̀gbẹ́ iná, ní ibi tí wàá ti máa rí ọwọ́ mi.

Ìyá rẹ